Igo Òògùn Ọmọdé, Dúróòmù Kẹ́míkà àti Gègé Dókítà

Ẹni tó bá gba Industrial Avenue kọjá ní Ìlúpéjú á rí i pé iṣẹ́ tí kò jọra ló fara ti ara wọn níbẹ̀. Academy Press tó ń tẹ ìwé wà níbẹ̀. GlaxoSmithKline, àwọn tó ń ta Panadol fún wa tẹ́lẹ̀, fi ibẹ̀ ṣe olú iléeṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 pé àwọn ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà. Bí èèyàn bá forí lé Ìkẹjà, May & Baker wà ní Sapara Street; bó bá yà sí Agége, Swipha, tó ń ṣe òògùn bíi tirẹ̀, wà ní ojú ọ̀nà Dọ́pẹmu. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ayé àtijọ́ ló ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún iléeṣẹ́ ní agbègbè yìí, kó tó di pé wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Láti ìgbà náà wá, ọ̀pọ̀ òògùn tí ọmọ Nàìjíríà ń gbé mì, ibẹ̀ ló ti ń jáde.

Iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra, àmọ́ irú dúróòmù kan náà ló ń wọ ọgbà wọn. Ẹni tó ń po yíǹkì nílò omi kẹ́míkà tó ki díẹ̀. Ẹni tó ń ṣe omi bíréèkì nílò rẹ̀. Ẹni tó ń po òògùn ikọ́ ọmọdé náà nílò rẹ̀. Kẹ́míkà wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè mọ èyí tó wà fún yíǹkì yàtọ̀ sí èyí tó wà fún òògùn. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí èyí tí kò yẹ kó wọ ẹnu ọmọ ṣe ń ráyè wọ inú igo òògùn, ohun tó ń ṣe nínú ara ọmọ, àti ọ̀nà tí àwọn dókítà ń gbà tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí ọwọ́ fi ń tẹ̀ ẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tó wà lórí ọ̀ràn yìí, ẹ̀rọ ńlá kọ́ ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Dókítà tó ka iye ọmọ tó kú, tó kọ ohun tó rí sílẹ̀, tó sì fi ránṣẹ́, ni.

Ìdí tí òògùn ọmọdé fi ń jẹ́ olómi

Ọmọ ọwọ́ kò lè gbé oníhóró mì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po òògùn tirẹ̀ ní olómi, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí sírọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n paracetamol, òògùn ibà tí a ń fún ọmọdé jù lọ, kì í tètè yọ́ nínú omi tútù. Bí a bá kàn dà á sínú omi, yóò di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sísàlẹ̀ igo. Ọmọ tó bá mu ti òkè yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ mu omi lásán, èyí tó bá mu ti ìsàlẹ̀ yóò mu àmujù. Nítorí náà, àwọn tó ń po òògùn máa ń wá omi kan tí yóò yọ́ ọ, tí kò ní ṣe ọmọ léṣe, tí yóò sì dùn lẹ́nu díẹ̀ kó lè bo ìkorò òògùn mọ́lẹ̀. Lára èyí tí wọ́n ń lò jù ni gilisirínì, tí àwọn obìnrin wa ti mọ̀ tipẹ́ nínú ìpara, àti propylene glycol. Àwọn méjèèjì kò láwọ̀, wọ́n ki, wọn kò sì ní òórùn tó ṣe é dá mọ̀.

Wọ́n ní ìbátan kan tó ń jẹ́ diethylene glycol. DEG la ó máa pè é láti ìsinsìnyí lọ. Òun náà kò láwọ̀, ó ki, ó sì dùn. Iṣẹ́ tirẹ̀ wà nínú omi bíréèkì, nínú omi tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dì ní ìlú olótùútù, nínú yíǹkì àti nínú gọ́ọ̀mù. Kò sí ohun tó burú nínú kí iléeṣẹ́ yíǹkì rà á. Owó rẹ̀ ló sábà ń kéré sí ti gilisirínì tó mọ́ tó láti wọ inú òògùn, ibẹ̀ sì ni ojúkòkòrò ti ń wọlé. Àwọn àgbà ní adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Ti DEG kò rí bẹ́ẹ̀. Adùn rẹ̀ ló ń ṣáájú, ohun tó ń gbẹ̀yìn rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ.

Ìwé tó ń tẹ̀lé dúróòmù

Kì í sábà jẹ́ pé ẹni tó po òògùn mọ̀ọ́mọ̀ fi DEG sí i. Ìwé ló gbà gbọ́. Gbogbo dúróòmù kẹ́míkà tí wọ́n bá fẹ́ fi po òògùn ló yẹ kó ní ìwé-ẹ̀rí àyẹ̀wò tó ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti bó ṣe mọ́ tó. Iléeṣẹ́ tó ṣe kẹ́míkà náà ló ń kọ ọ́. Àmọ́ iléeṣẹ́ tó ṣe é kì í sábà tà á tààrà fún ẹni tí yóò lò ó. Alágbàtà kan á rà á, á tà á fún alágbàtà mìíràn. Ẹlòmíràn á tú dúróòmù ńlá sínú kẹ́ẹ̀gì, á lẹ lébẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ mọ́ ọn. Ní gbogbo ìgbà tí ọjà bá ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ìwé náà ni wọ́n ń dà kọ. Bí irọ́ bá ti wọ inú ìwé àkọ́kọ́, gbogbo ẹni tó tẹ̀lé e yóò máa rí irọ́ náà ní títẹ̀ dáadáa, pẹ̀lú òǹtẹ̀ lórí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Panama ní 2006 fi èyí hàn kedere. Iléeṣẹ́ kan ní Ṣáínà ta omi kẹ́míkà kan tó pè ní gilisirínì. Ọjà náà kọjá lọ́wọ́ oníṣòwò ní Ṣáínà, ó dé Barcelona ní Sípéènì, ó ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ lọ sí Panama. Ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sọ pé gilisirínì tó mọ́ ní ìwọ̀n 99.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó gbà á lọ́wọ́ ara wọn tó yẹ dúróòmù wò. Ìjọba Panama gan-an ló pò ó mọ́ òògùn ikọ́, tó sì pín in fún àwọn ará ìlú. Ó kéré tán, ọgọ́rùn-ún èèyàn ló kú; DEG ni wọ́n wá rí nínú rẹ̀.

Ní Èkó, ọjà kẹ́míkà tí gbogbo èèyàn mọ̀ wà ní Ojota, kò sì jìnnà sí Ìlúpéjú. Àwọn tó ń ṣe ọṣẹ, àwọn tó ń ṣe ọ̀dà, àwọn tó ń po ìpara, gbogbo wọn ló ń nájà níbẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọjà pé ó ń ta oríṣiríṣi kẹ́míkà; iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó ń po òògùn kò gbọ́dọ̀ ra ohun tí yóò wọ ẹnu ọmọ bí ẹni tó ń wá ohun èlò ọṣẹ.

Ohun tó ń ṣe nínú ara ọmọ

Bí ọmọ bá mu DEG, inú rẹ̀ á fà á wọ ẹ̀jẹ̀ kíákíá. Ẹ̀jẹ̀ á gbé e dé ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tú ohun àjèjì palẹ̀, á tú u, àmọ́ ohun tí yóò jáde látinú rẹ̀ burú ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Diglycolic acid ni wọ́n ń pè é. Kíndìnrín ló ń gbìyànjú láti lé e jáde, inú àwọn ihò tín-ín-rín tí ìtọ̀ ń gbà kọjá nínú kíndìnrín ló sì ń kóra jọ sí. Níbẹ̀ ló ti ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún, títí kíndìnrín á fi dẹ́kun iṣẹ́.

Ọjọ́ kìn-ín-ní àti ìkejì, kò sí àmì kan tó yàtọ̀. Ọmọ á bì, ara rẹ̀ á wúwo, oorun á máa kùn ún. Ìyá á rò pé ibà tó tìtorí rẹ̀ ra òògùn ni kò tíì lọ, á sì tún fún un ní ṣíbí mìíràn. Ìwà ìkà májèlé yìí ni pé ìtọ́jú gan-an ló ń fi ń jẹun. Lẹ́yìn náà, ìtọ̀ ọmọ á dínkù, á sì dáwọ́ dúró pátápátá. Ojú àti ẹsẹ̀ á wú. Èémí á di líle. Gìrì lè mú un. Ọmọ tí kò bá rí ìtọ́jú tó péye lè kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì.

Ìtọ́jú wà. Òògùn kan tó ń jẹ́ fomepizole lè dá ẹ̀dọ̀ dúró kó má baà tú DEG, bí wọ́n bá tètè lò ó. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ náà lè ṣe iṣẹ́ kíndìnrín títí ara á fi bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn tó lè fọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù díẹ̀ kò pọ̀ ní Nàìjíríà, fomepizole kì í sì í ṣe òògùn tí à ń bá lórí àtẹ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀ràn yìí kò fi lè jẹ́ ti ìwòsàn nìkan. Bí ọmọ bá ti dé wọ́ọ̀dù, ọwọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

Bí dókítà ṣe ń tọ ipasẹ̀ rẹ̀

Ọmọ kan ṣoṣo tí kíndìnrín rẹ̀ dáwọ́ dúró kò lè ya dókítà lẹ́nu. Ibà lè fà á, ìgbẹ́ gbuuru lè fà á, àgbo kan lè fà á. Ohun tó ń jẹ́ kí dókítà dìde jókòó ni iye: ọmọ kẹta, ọmọ kẹfà, ọmọ kẹwàá láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, tí wọn kì í ṣe ará ilé kan náà. Kó tó lè rí iye yìí, ó gbọ́dọ̀ ti ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹni tí kò kọ nǹkan sílẹ̀ yóò máa sin ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan ni, láìmọ̀ pé ohun kan náà ló ń pa wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kejì ni kó yọ ohun tí kì í ṣe kúrò. Á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà, á yẹ ìtọ̀ tó bá ṣì wà wò, á wo bí omi ara ọmọ ṣe tó. Lẹ́yìn náà ló ń pe àwọn ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń bi gbogbo wọn ní ìbéèrè kan náà: omi wo lọ́mọ ń mu, kí ló jẹ, ta ló fún un lágbo, òògùn wo lẹ rà, ọjọ́ wo lẹ rà á, ṣọ́ọ̀bù ta ni? Bí ó bá mọ iṣẹ́ dáadáa, á tún bi àwọn ìyá tí ọmọ wọn kò ní àìsàn náà ní ìbéèrè wọ̀nyí, kó lè mọ ohun tí àwọn aláìsàn ní tí àwọn aláàfíà kò ní. Nígbà tí ìdáhùn bá jókòó sórí bébà, ohun kan á máa yọrí sókè ju àwọn yòókù lọ. Ìgbésẹ̀ tó kù ni igo. Òògùn tó ṣẹ́ kù sínú igo tí ìyá kò tíì jù nù ni láàbù yóò yẹ̀ wò. Lẹ́yìn ìyẹn, dókítà á kọ̀wé sí ìjọba, kí ọjà lè kúrò lórí àtẹ, á sì tún kọ ọ́ sínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn, kí dókítà ìlú mìíràn lè dá a mọ̀ bó bá dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1937 nìyẹn. Iléeṣẹ́ Massengill ní Tennessee fẹ́ ṣe sulfanilamide, òògùn kòkòrò àrùn tó ń lókìkí nígbà náà, ní olómi. Onímọ̀ kẹ́míkà wọn rí i pé DEG yọ́ ọ dáadáa. Wọ́n wo àwọ̀ rẹ̀, wọ́n tọ́ ọ lẹ́nu, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì kó o lọ sọ́jà. Wọn kò dán an wò lára ẹranko kankan, òfin ìgbà náà kò sì ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà ní ìlú Tulsa ló kọ́kọ́ rí i pé àwọn aláìsàn tó mu òògùn náà ń kú, wọ́n sì kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ náà. Láàbù ẹgbẹ́ ọ̀hún rí DEG. Èèyàn 105 ló bá a lọ. Dókítà kan ní Mississippi kọ lẹ́tà nípa aláìsàn mẹ́fà tó kú, tí òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ òògùn náà fún. Ní 1938, Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kò sí òògùn tuntun tí yóò jáde láìjẹ́ pé wọ́n fi hàn pé kò léwu.

Èèyàn á rò pé lẹ́yìn èyí, ó ti parí. Ní 1990, ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Jos, wọ́n gba ọmọ 47 tí wọn kò lè tọ̀ mọ́. Gbogbo wọn ló ti mu sírọ́ọ̀bù paracetamol tí wọ́n fi DEG pò dípò propylene glycol. Wọ́n kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n dé wọ́ọ̀dù. Àwọn dókítà Jos kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì jáde ní 1992 nínú Annals of Tropical Paediatrics. Lásìkò yẹn, dókítà ọmọdé ni mínísítà ètò ìlera wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikóye Ransome-Kútì. Ìjọba kò sì tíì ní àjọ kan tó dá dúró, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ òògùn àti oúnjẹ. Òfin kẹẹ̀ẹ́dógún ti ọdún 1993 ló dá NAFDAC sílẹ̀.

Ní àárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà, ní Dhaka, olú ìlú Bangladesh, Dókítà Mohammed Hanif ń rí irú ikú yìí nílé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Ìwé tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ sínú British Medical Journal ní 1995 sọ pé nínú ọmọ 339 tí wọ́n gbà wọlé pẹ̀lú àìsàn kíndìnrín, 236 ló kú. Kò sí láàbù nítòsí tó lè yanjú ọ̀rọ̀ náà. Igo òògùn ní láti dé Amẹ́ríkà kí wọ́n tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìjọba fòfin de sírọ́ọ̀bù náà, iye ọmọ tó ń wọlé pẹ̀lú àìsàn yìí já wálẹ̀.

My Pikin

Èyí tí àwọn òbí Nàìjíríà kò tíì gbàgbé ni ti 2008. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ìròyìn dé iléeṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ pé kíndìnrín àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kan ń dáwọ́ dúró láìsí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi àwọn ìyá léèrè, orúkọ kan ló ń jáde lẹ́nu wọn: My Pikin, òògùn eyín ọmọdé tó ní paracetamol àti diphenhydramine nínú. Barewa Pharmaceuticals ní Èkó ló ń ṣe é. Àyẹ̀wò láàbù rí DEG. Propylene glycol tí iléeṣẹ́ náà rò pé òun rà, ọwọ́ oníṣòwò kan ní Èkó tí kò ní ìwé àṣẹ ló ti rà á. NAFDAC ti iléeṣẹ́ náà pa, wọ́n sì kó òògùn ọ̀hún kúrò lọ́jà.

Ìjọba ka ọmọ 84 tó kú. Ìròyìn tí àjọ CDC ti Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2009 to ọmọ 57 lẹ́sẹẹsẹ. 54 nínú wọn ló kú. Ní 2013, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó ju òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà méjì sẹ́wọ̀n ọdún méje, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n tú iléeṣẹ́ náà ká.

Ẹ jẹ́ ká fi Dhaka wé Nàìjíríà. Ní Dhaka, ọ̀ràn náà gba ọdún mélòó kan. Ní Nàìjíríà, láti ìgbà tí ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ ìjọba, kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ tí wọ́n fi mọ òògùn tó ń fà á. Kì í ṣe pé DEG ti 2008 rọrùn láti rí ju ti 1990 lọ. Àwọn dókítà ti ka ohun tí àwọn tó ṣáájú wọn kọ, àjọ kan sì wà tí wọ́n lè kọ̀wé sí. Ìyàtọ̀ náà nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Gáńbíà ní 2022. Dókítà Abubacarr Jagne, onímọ̀ nípa àìsàn kíndìnrín ní Banjul, ló rí i pé ọmọdé tí kíndìnrín wọn ń dáwọ́ dúró ti ń pọ̀ jù, tó sì ké sí ìjọba. Orílẹ̀-èdè náà kò ní láàbù tó lè yẹ òògùn wò, wọ́n ní láti kó o lọ sí òkè òkun. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ fún gbogbo ayé nípa sírọ́ọ̀bù mẹ́rin tí wọ́n ṣe ní Íńdíà. Nǹkan bí àádọ́rin ọmọ ló kú.

Àyẹ̀wò tí a kò gbọ́dọ̀ fò

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀yìn ikú. Ibi tó yẹ kí wọ́n ti dá DEG dúró ni ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ òògùn. Nínú iléeṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe, dúróòmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í bọ́ sí ibi ìpòògùn tààrà. Wọ́n á gbé e sí ibi ìsọ́tọ̀, wọ́n á lẹ bébà mọ́ ọn pé wọn kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ará láàbù á bù díẹ̀ nínú dúróòmù kọ̀ọ̀kan. Mo tẹnu mọ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí bí dúróòmù ogún bá dé, ọ̀kan ṣoṣo lè jẹ́ èyí tí wọ́n tún rọ nǹkan mìíràn kún.

Ọ̀nà àyẹ̀wò tó rọrùn jù kò ná owó rẹpẹtẹ. Wọ́n ní pátákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ìyẹ̀fun sílíkà rẹ́ lára. Wọ́n á kán ẹ̀kán kan nínú ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á kán gilisirínì gidi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á tún kán gilisirínì mìíràn tí àwọn fúnra wọn ti fi DEG díẹ̀ sí, kó lè jẹ́ òṣùwọ̀n. Wọ́n á wá gbé pátákó náà dúró sínú ìkòkò gíláàsì tí omi kẹ́míkà díẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gun pátákó bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà, á sì máa fa àwọn ẹ̀kán náà lọ́wọ́ sókè. Ohun tó wà nínú wọn kì í rìn bákan náà; DEG á kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gilisirínì. Bí wọ́n bá fín òògùn àwọ̀ sí pátákó náà tán, àmì á jáde. Bí àmì bá yọ níbi tí DEG òṣùwọ̀n dé, tó sì pọ̀ jù ú lọ, dúróòmù náà kò gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ̀rọ tó lágbára ju èyí lọ wà, èyí tó ń sọ iye gan-an. Ìlànà tó wà káàkiri ayé báyìí ni pé DEG kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àmọ́ pátákó ọ̀hún nìkan ì bá ti gba àwọn ọmọ Jos àti àwọn ọmọ My Pikin là.

Nọ́ńbà tí à ń họ lára páálí

Láti 2010 ni NAFDAC ti gbé ètò kan kalẹ̀ tí ẹni tó ra òògùn lè fi fóònù rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. O họ ibi kan lára páálí, o rí nọ́ńbà, o fi ránṣẹ́, èsì á dé pé òògùn náà jẹ́ ojúlówó tàbí ayédèrú. Ètò tó dára ni, ó sì ti ti ọ̀pọ̀ ayédèrú mọ́lẹ̀, pàápàá nínú òògùn ibà.

Ṣùgbọ́n kí á mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Nọ́ńbà yẹn ń sọ ẹni tó ṣe òògùn fún wa. Kò lè sọ ohun tó wà nínú igo. My Pikin kì í ṣe ayédèrú. Iléeṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ ló ṣe é, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé NAFDAC. Ká ní ètò fóònù ti wà ní 2008, tí ìyá kan sì họ nọ́ńbà, èsì tí yóò rí gbà ni pé ojúlówó ni, òótọ́ sì ni. Ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ojú páálí kò lè rọ́pò ẹni tó ń yẹ dúróòmù wò.

Ohun tó wà lọ́wọ́ òbí

Ẹ̀yin òbí, ohun àkọ́kọ́ ni pé eyín híhù kì í ṣe àìsàn. Àwọn dókítà ọmọdé ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ọmọ tó ń hu eyín kò nílò sírọ́ọ̀bù eyín kankan. Bí ara rẹ̀ bá gbóná gan-an, tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru, kì í ṣe eyín ló fà á. Ẹ wá ohun tó fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà. Òògùn tí ọmọ kò nílò ló rọrùn jù láti yẹra fún.

Ìkejì, ẹ má ju igo òògùn nù títí ara ọmọ á fi yá, páálí rẹ̀ àti ríṣíìtì pẹ̀lú. Inú igo tí ìyá tọ́jú ni ẹ̀rí ti ń jáde. Ibi tí wọ́n bá ti ń bu sírọ́ọ̀bù láti inú kẹ́ẹ̀gì fún un yín, ẹ má rà á níbẹ̀.

Ìkẹta, ẹ máa kíyè sí ìtọ̀ ọmọ tó ń ṣàìsàn. Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ díẹ̀díẹ̀, tàbí tí ìlédìí rẹ̀ gbẹ láti àárọ̀ di alẹ́, ẹ má dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí kì í bá ṣe májèlé, ó lè jẹ́ pé omi ara rẹ̀ ló ti gbẹ, ìyẹn náà kì í ṣe ohun àfidọ̀la. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ ka gbogbo ohun tí ọmọ ti mu fún dókítà, àgbo àti òògùn òyìnbó. Ẹ má tijú, ẹ má fi ọ̀kan pamọ́.

Sí àwọn dókítà wa, pàápàá àwọn tó wà ní àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ní Múṣin, Agége àti Ọ̀ṣọ́dì: ẹ máa kọ̀wé. Wọ́ọ̀dù máa ń kún, iṣẹ́ máa ń pọ̀, fáìlì máa ń sọnù, gbogbo rẹ̀ la mọ̀. Síbẹ̀, ọmọ mẹ́ta tí ikú wọn jọra jẹ́ ìròyìn, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì nìkan ló sì lè rí i.

Gègé dókítà máa ń gba ọmọ tí kò tíì mu òògùn náà là. Àyẹ̀wò dúróòmù nìkan ló lè gba ẹni àkọ́kọ́. Láti 1937 ni ayé ti mọ ohun tí DEG ń ṣe, láti 1990 ni Nàìjíríà ti mọ̀ ọ́n láti inú ilé. Iléeṣẹ́ tó bá tún da dúróòmù tí kò yẹ̀ wò sínú òògùn ọmọdé lónìí kò lè sọ pé òun kò mọ̀.